Bí O Bá Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Ère àti Ọnà Irin ní Ilé-Ifẹ̀: Láti Fọ́ọ̀mù JAMB Dé Ọ̀dọ̀ Oníbàárà

Kò sí ọmọ tó sọ nílé pé iṣẹ́ ère lòun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì tí wọn ò ní bi í pé, "Ṣé ìyẹn náà ni wàá máa fi jẹun?" Màá dé orí ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n ti kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ẹ̀kọ́ yìí: ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló wà fún un ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀kan wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní ẹ̀ka Fine and Applied Arts. Èkejì wà nígboro: mùsíọ́mù tó wà ní Ènúwá, ilé arọ àwọn alágbẹ̀dẹ, ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà, àti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù, tí kò jìnnà sí wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi gbogbo ọdún mẹ́rin jókòó sínú ọgbà nìkan, ìwé-ẹ̀rí ló máa gbà, iṣẹ́ ò ní dá lójú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Lọ wo ibi iṣẹ́ kí o tó ra fọ́ọ̀mù

Ti ìwé ni kí a fi ṣáájú, nítorí kò gùn. Kírẹ́dítì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè nínú WAEC tàbí NECO, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ilé-ìwé gíga rẹ bá ń kọ́ Fine Art, má fi sílẹ̀ nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń sá fún un. Nínú UTME, iṣẹ́ mẹ́rin ni wàá kọ, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ìwé àlàyé JAMB ti ọdún tí o fẹ́ wọlé gan-an ni kí o fi yan mẹ́ta yòókù. Má fi ti ẹnu ọ̀rẹ́ yàn án, nítorí wọ́n máa ń yí i padà, ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ ọnà ṣe ló sì ti pàdánù ọdún kan gbáko sórí iṣẹ́ ẹyọ kan tí wọ́n yàn ṣì.

Yunifásítì nìkan kọ́ ni ọ̀nà o. Pólì wà, ND ọdún méjì àti HND ọdún méjì, tí wọ́n máa ń fi iṣẹ́ òde ọdún kan sí àárín wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń gba NCE náà wà, ọdún mẹ́ta ni tiwọn. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ yá ju ojú ìwé lọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹni tó lọ sí Yaba Tech tàbí Auchi kéré sí ẹni tó lọ sí Ifẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí o wò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o lọ fojú ara rẹ rí i. Yan ọjọ́ tí iléèwé wà níṣẹ́, múra dáadáa, kí ẹni tí o bá bá níbẹ̀, kí o sì sọ pé o fẹ́ wo sítúdíò àwọn tí ń ṣe ère. Bí o bá wọlé, má wo àwọn ère tí wọ́n gbé sí iwájú gbọ̀ngàn. Wo ilẹ̀. Bí eruku POP (plaster of Paris) bá wà nílẹ̀, tí amọ̀ wà nínú àgbá, tí irin gígé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tónítóní láàárín sáà ẹ̀kọ́, béèrè ìdí. Lẹ́yìn náà, wá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kan sí ẹ̀gbẹ́, kí o bi í: Ìgbà wo ni ẹ sun amọ̀ kẹ́yìn? Ṣé ẹ̀rọ ìjórin yín ń ṣiṣẹ́? Bí iná bá lọ ńkọ́? Ta ló ń ra ohun èlò? Ẹ ti da bàbà tàbí alumíníọ́ọ̀mù rí, àbí ẹ kàn kà á nínú ìwé? Kí o sì mọ orúkọ ẹni tó ń bójú tó sítúdíò, ìyẹn kì í ṣe olùkọ́. Òun ni yóò ṣílẹ̀kùn fún ọ lọ́jọ́ Sátidé tí iṣẹ́ bá kù díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ojú ni a kọ́kọ́ ń kọ́

Láàárín ìgbà tí o ń retí ìgbàwọlé, máa lọ sí mùsíọ́mù Ènúwá, lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni. Mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ. Yan orí amọ̀ kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan. Yà á láti iwájú, yà á láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà kí o lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ibi tí wọ́n gbé e sí bá gbà ọ́ láyè, nítorí ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú nínú ìdánwò. Ẹni tó mọ àwòrán yà lórí ìwé máa ń rò pé iwájú nìkan ni ère ní. Ère kò ní iwájú kan. Gbogbo ibi tí ènìyàn bá dúró sí ni iwájú rẹ̀.

Wo àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti òkè orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n lára àwọn ojú kan, kí o wo bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó fa ilà wọ̀nyí mọ ibi tí egungun wà lábẹ́ ẹran. Wo àwọn ihò kéékèèké tó wà létí irun àti ní ibi irùngbọ̀n. Wo ère òkúta tí wọ́n ń pè ní Ìdẹ̀nà, tó ti inú igbó Ọ̀rẹ̀ wá: ìṣó irin ni wọ́n kàn mọ́ ọn lórí láti fi ṣe irun. Lọ sí Òpá Ọ̀rànmíyàn náà, tó ga ju mítà márùn-ún lọ. Òkúta líle ni, síbẹ̀ wọ́n kan irin mọ́ ọn tò sókè. Nígbà tí olùkọ́ bá ní kí ẹ pa ohun èlò méjì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń sáré lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ ti ní ohun tí wàá tọ́ka sí.

Kí o mọ ìtàn ibẹ̀ pẹ̀lú, nítorí wọ́n máa bi ọ́. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ló kan àwọn orí bàbà àti idẹ tí gbogbo ayé wá mọ̀ Ifẹ̀ sí. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ní 1957, wọ́n tún rí òmíràn ní Ìta Yemòó. Àgọ̀ ojú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sórí bí ó ti le tó nígbà tí a bá dé ibi dída bàbà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Amọ̀

Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ iléèwé á jẹ́ kí o tọ́ gbogbo ọnà wò, kíkùn, aṣọ, amọ̀ àti ère, kí o tó yan ti ìwọ. Nínú èyí tó kan ère, orí ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Gbé igi ìdúró kan kàn mọ́ pátákó. Fi wáyà líle tẹ̀ ẹ́ ní ìrísí orí, kí o sì so igi kéékèèké méjì tí o fi ṣe àgbélébùú mọ́ wáyà, kí ó máa rọ̀ dirodiro nínú rẹ̀. Òun ni yóò gbá amọ̀ mú tí kò fi ní yọ̀ wálẹ̀ lọ́gànjọ́. Kọ́kọ́ fi amọ̀ di àárín, kí o wá máa fi kún un láti inú wá síta. Má bẹ̀rẹ̀ láti ojú àti imú. Jẹ́ kí agbárí dúró ná, kí ọrùn dúró, kí o mọ ibi tí etí yóò wà. Máa yí pátákó náà padà léraléra. Lálẹ́, fi aṣọ tútù bò ó, kí o fi ọ̀rá dì í. Nígbà ọyẹ́, aṣọ kan ò tó, nítorí afẹ́fẹ́ yẹn á fa omi inú rẹ̀ gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, etí àti imú ló sì máa kọ́kọ́ sán.

Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ sun ún, wáyà kò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti le díẹ̀, fi okùn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gé òkè orí kúrò, yọ gbogbo ohun tó gbé e dúró, kí o fi irin họ inú rẹ̀ títí tí ara rẹ̀ yóò fi kù bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí o fi amọ̀ ṣíṣàn lẹ òkè orí padà. Kí a tó po amọ̀ ló ti yẹ kí a ti gún àpáàdì tó ti jiná rí, kí a sẹ́ ẹ, kí a pò ó mọ́ ọn. Òun ló ń jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde, tí kì í jẹ́ kí ère sán.

Wọ́n máa sọ fún ọ pé afẹ́fẹ́ tó há sínú amọ̀ ló ń mú ère bú gbàmù nínú iná. Omi ni. Omi tí kò tíì gbẹ nínú ara rẹ̀ ló ń di ooru gbígbóná nígbà tí iná bá kọjá 100°C, ooru yẹn sì ń fẹ́ ju ibi tó wà lọ. Nítorí náà, fi ère sílẹ̀ níbi òjìji fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, má gbé e sí oòrùn, kí o sì jẹ́ kí iná rọra gòkè ní wákàtí àkọ́kọ́. Bí o bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án tí ó ṣì tutù ju ara ògiri lọ, kò tíì gbẹ.

Lọ sí Ìpetumodù lọ́jọ́ kan tí wọ́n bá ń sun ìkòkò. Kí o kí àwọn ìyá náà dáadáa, kí o jókòó sí ìsàlẹ̀, kí o máa wò. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun tiwọn, láìsí ẹ̀rọ tó ń wọn iná. Ojú wọn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá gbà ọ́ láyè láti gbé igi tàbí koríko, gbé e. Ẹ̀kọ́ tí wàá rí gbà lọ́jọ́ yẹn kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń tà ní ẹnu géètì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Móòdù

Móòdù ni ohun tí a fi ń gba ìrísí ère amọ̀, kí a lè da ohun mìíràn sínú rẹ̀. Ibí ni àwọn tó ń ṣe é fún iṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe é fún máàkì ti ń pínyà. Ẹni tó mọ móòdù ṣe dáadáa kò ní wá iṣẹ́ tì, àní bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá fi bẹ́ẹ̀ dára nínú mímọ ojú. Èyí ni bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí tó rọrùn jù, tí a máa ń fọ́ sọnù lẹ́yìn lílò.

Gé agolo mílíìkì sí wẹ́wẹ́ ní ìwọ̀n ìka méjì. Fi wọ́n gún ara amọ̀ tútù náà, láti etí kan gba àtàrí lọ sí etí kejì, kí wọ́n fara kan ara wọn, kí ó fi ààlà sí àárín iwájú àti ẹ̀yìn. Da omi sínú báàfù. Omi ni kí o kọ́kọ́ dà, kì í ṣe POP. Bu POP, máa wọ́n ọn sórí omi díẹ̀díẹ̀ títí tí òkìtì rẹ̀ yóò fi yọ sókè tí kò rì mọ́. Fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí o wá ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, kí o rọra pò ó láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, títí yóò fi rí bí ẹ̀kọ mímu.

Nínú èyí tí wàá kọ́kọ́ pò, fi búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sí i. Fi ìka ta á sára amọ̀, kí ó wọ gbogbo kọ̀rọ̀ imú àti ètè, kí ó nípọn bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá ti le díẹ̀, fi amọ̀ ṣíṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á lára, lẹ́yìn náà po POP funfun, kí o fi nà án lórí rẹ̀ kí ó nípọn dáadáa, kí o sì tẹ irin kéékèèké sínú rẹ̀ kí ó má bàa ṣẹ́. Ìdí tí búlúù fi wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí o bá fi ṣísẹ́lì ń fọ́ móòdù kúrò lára ère níkẹyìn, funfun ni wàá fi gbogbo agbára gbá. Bí o bá ti rí búlúù, dẹ ọwọ́, ara ère kù díẹ̀ nìyẹn.

POP máa ń gbóná nígbà tó bá ń le. Má ṣe ki ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ bọ inú rẹ̀ kí o fi sílẹ̀ kí ó le mọ́ ọn, bí àwọn ọmọ kan ṣe máa ń ṣeré láti fi ṣe móòdù ọwọ́. Ó lè jó ara dé egungun. Bákan náà, má ṣe da ìyókù rẹ̀ sínú ihò ìfọwọ́ sítúdíò, àfi bí o bá fẹ́ kí gbogbo kíláàsì bínú sí ọ.

Bí o bá ti ya móòdù sí méjì tí o fọ amọ̀ inú rẹ̀ kúrò, fi ọṣẹ yíyọ́ pa inú rẹ̀ léraléra. Sìmẹ́ńtì ni owó rẹ̀ kéré jù láti fi ṣe ère: ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n yanrìn mẹ́ta, kí o sì máa rin ín lómi fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó gbẹ. Fibreglass ló fúyẹ́, òun ni àwọn oníbàárà sì ń fẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló wà tí a ń dà sínú resin, ìyẹn omi ṣíṣàn tí a fi ń ṣe é, kí ó lè le, tí kò gbọ́dọ̀ fojú kan ara wọn: accelerator àti catalyst. Bí o bá da ọ̀kan lu èkejì tààrà, ó lè gbiná tàbí kí ó bú. Accelerator ni kí o kọ́kọ́ dà sínú resin, kí o rò ó pọ̀ dáadáa. Ìgbà tí o bá ṣe tán láti lò ó ni kí o tó fi catalyst sí i, gíráàmù kan sí méjì fún 100 gíráàmù resin. Ní ọ̀sán gbígbóná Ifẹ̀, kan náà tó. Ìta ni kí o ti ṣe é, pẹ̀lú ìbòmú gidi, kì í ṣe áńkáṣíìfù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Igi

Ohun tí Ifẹ̀ ní nínú èyí kò wọ́pọ̀. Ní 1978 ni Lamidi Fakẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ìdílé agbẹ́gilére, tó jáde láyé ní 2009, wá sí yunifásítì yìí, ó sì kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló gbẹ́ ère Odùduwà ńlá tó wà nínú Oduduwa Hall, ní 1987. Lọ dúró níwájú rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan àáké.

Àwọn agbẹ́gilére wa ní ìpele mẹ́rin, màá sì rọ̀ ọ́ kí o tẹ̀ lé e bó ti wà. Ọnà lílé ló ṣáájú: àáké ni wọ́n fi ń bẹ́ igi sí ìpín ńláńlá, ibi orí, ibi àyà, ibi ẹsẹ̀. Nínú iṣẹ́ wa, orí sábà máa ń kó nǹkan bí ìdámẹ́rin gbogbo gíga ère, bẹ́ẹ̀ ní ara ènìyàn gidi ó kéré ju ìdáméje lọ. Nítorí náà, pinnu èyí tí o fẹ́ kí o tó bẹ́ igi, torí èyí tí o bá bẹ́ sọnù kò ṣeé lẹ̀ padà. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, níbi tí ìpín ńlá ti ń di ìpín kékeré: ojú, etí, ìka ọwọ́. Dídán ni ìkẹta, fínfín ni ìkẹrin, ìyẹn ni ilà ojú, irun àti ọnà ara aṣọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kánjú máa ń fo ìkejì, á máa fín ojú sára igi tí kò tíì ní agbárí. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á ti rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Bí o bá ń lo ìrókò, bo imú. Eruku rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń yún àwọn mìíràn lára. Igi tútù rọrùn láti gbẹ́ ju gbígbẹ lọ, ṣùgbọ́n fi ìda tàbí ọ̀dà kun ẹnu méjèèjì rẹ̀ kí ó má bàa là.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Jíjó irin

Kí o tó wọ kíláàsì irin, lọ lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn kan lọ́dọ̀ wẹ́dà nígboro, ní Lagere tàbí ibikíbi tó bá sún mọ́ ilé rẹ. Géètì àti bàgílárì ni wọ́n ń ṣe, ìwọ ò sì wá kọ́ géètì, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó lè fa ojú ìjó tó gún régé lára géètì ni yóò jó ère tí kò ní já. Bí ó bá jẹ́ ilé arọ alágbẹ̀dẹ lo lọ, "Àrọyè o" ni kí o fi kí wọn kí o tó sọ ohunkóhun mìíràn. Bí wọ́n bá ní nǹkan ti Ògún wà níbì kan nínú ilé náà tí ẹnikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ kọjá, má kọjá. Má sì ya fọ́tò láìbéèrè.

Ní ti ọ̀pá ìjórin (electrode), gauge 12 fún irin fẹ́lẹ́, gauge 10 fún èyí tó nípọn. Kọ́kọ́ fi ìjó kékeré-kékeré kan gbogbo ara ère pọ̀ kí ó lè dúró, kí o sún sẹ́yìn, kí o yí i ká, kí o rí i bóyá ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn èyí ni kí o tó jó o tán, kí o sì máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ bí o ti ń jó o, nítorí bí o bá jó ẹ̀gbẹ́ kan tán kí o tó kan èkejì, irin á fà, á sì wọ́.

Àlòkù irin ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì: ṣéènì, gíà, púlọ́ọ̀gì, sípírìnnì. Ó dára, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ rí iná rẹ. Ṣọ́kù mọ́tò, nítorí òróró àti afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ lè mú un bú bí ó bá gbóná. Táǹkì epo, àní èyí tó ti gbẹ láti ọdún tó kọjá. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò, irú èyí tó ń dán wínníwínní lára páìpù omi: èéfín funfun rẹ̀ á fún ọ ní ibà àti òtútù lálẹ́ ọjọ́ náà, ìwọ á sì máa rò pé ibà ẹ̀fọn ni. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, fi fáìlì ha síǹkì náà kúrò ná, kí o sì ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ.

Gíláàsì ìjórin dúdú kì í ṣe ohun tí a ń yá lọ́wọ́ ara wa nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Bí o bá wo iná náà lójú korokoro, kò ní dùn ọ́ lójú ẹsẹ̀. Láàárín òru ni ojú á máa ta ọ́ bí ẹni pé yanrìn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó dúró tì ọ́ tó ń wò náà, kó wọ tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Dída bàbà àti idẹ

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alumíníọ́ọ̀mù. Ní 660°C ló ti ń yọ́, àwọn tí ń da ìkòkò lórílẹ̀-èdè yìí sì ti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi yanrìn dà á látinú àlòkù. Bàbà pọ́ńbélé kò yọ́ títí dé 1085°C, ó sì tún máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, kì í sì fẹ́ ṣàn wọ kọ̀rọ̀. Idẹ àti bàbà tí wọ́n pò mọ́ tánganran (tin) ń yọ́ kí ó tó dé ibẹ̀, wọ́n sì ń ṣàn dáadáa. Nísinsìnyí, padà lọ wo àgọ̀ Ọbalùfọ̀n, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà lásán, tí ara rẹ̀ dán bẹ́ẹ̀. Èmi ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó da irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó yọrí.

Bí a ṣe ń fi ìda dà á nìyí. Fi amọ̀ tí o pò mọ́ èédú lílọ̀ mọ inú ère, kí ó gbẹ. Fi ìda oyin bò ó fẹ́lẹ́, bí o bá ṣe fẹ́ kí irin náà nípọn tó ni kí ìda náà nípọn tó. Fín gbogbo ọnà ojú sára ìda yìí, nítorí ohunkóhun tí ìda bá ní ni irin yóò ní, àti àmì ìka rẹ. Gún ìṣó kéékèèké gba inú ìda wọ inú amọ̀, kí apá kan wọn yọ síta, kí inú má bàa yẹ̀ nígbà tí ìda bá yọ́ lọ. Fi ọ̀pá ìda ṣe ọ̀nà tí irin yóò gbà wọlé, kí o ṣe òmíràn fún afẹ́fẹ́ láti jáde. Lẹ́yìn èyí, fi amọ̀ ṣíṣàn dáradára kùn ún, jẹ́ kí ó gbẹ níbi òjìji, kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o wá fi amọ̀ líle bò ó, kí o fi wáyà dì í.

Kí o tó fi amọ̀ bò ó o, rí i pé o mọ ìwọ̀n ìda náà nìkan lórí òṣùwọ̀n, pẹ̀lú gbogbo ọ̀pá rẹ̀, láìka amọ̀ inú mọ́ ọn. Ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n yẹn ni idẹ tí o nílò. Bí ìda bá jẹ́ kílò kan, wá idẹ kílò mẹ́wàá, kí o tún fi díẹ̀ lé e. Bí irin bá tán nígbà tí o ń dà á lọ́wọ́, kò sí àtúnṣe.

Da orí móòdù kodò lórí iná kí ìda ṣàn jáde, kí o sì máa sun ún lọ títí tí inú rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí kò ní sí omi kankan nínú rẹ̀ mọ́. Rì í mọ́ yanrìn gbígbẹ. Yanrìn ni kí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo yín. Lórí kọ́ńkéré, irin yíyọ́ tó bá ta sílẹ̀ á mú omi inú kọ́ńkéré bú, á sì ta padà sí yín lára. Aṣọ òwú ni kí o wọ̀, kì í ṣe ọ̀rá tàbí ankara onírọ́bà, nítorí ìyẹn á yọ́ mọ́ ara. Ẹni méjì ni kí ó gbé ìkòkò irin, kí ẹnì kan ṣoṣo máa pàṣẹ. Dà á lẹ́ẹ̀kan, láìdúró. Idẹ tó bá ti ẹnu ẹ̀rọ omi tàbí àgádágodo wá ní síǹkì púpọ̀, òjé náà sì lè wà nínú rẹ̀, nítorí náà èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dúró lé lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Iṣẹ́ òde, iṣẹ́ àṣekágbá, àti owó

Nígbà tí SIWES, ìyẹn iṣẹ́ òde tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe, bá dé, má lọ jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n rẹ láti máa tẹ ìwé. Lọ sí Igun ní Bìní, níbi tí àwọn adàdẹ ti ń ṣe é láti ìran dé ìran. Tàbí kí o lọ sí Òṣogbo, wo ohun tí Adébísí Àkànjí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sìmẹ́ńtì ṣe nínú igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 2005. Sìmẹ́ńtì lásán ni o.

Ohun èlò fún iṣẹ́ àṣekágbá máa ń wọ́n akẹ́kọ̀ọ́ lára. Ẹ para pọ̀ ra POP ní àpò, kì í ṣe ní kílò. Ní 1989, nígbà tí Mọ́yọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Fìlání, Bọ́lájí Campbell, Tọ́lá Wewe àti Túndé Nasiru dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní Ifẹ̀, ohun àyíká wa àti ọnà wa ni wọ́n gbé dìde. Amọ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé yín kò lówó lórí. Kí o sì wọn ẹnu ọ̀nà sítúdíò kí o tó pinnu gíga ère rẹ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yọ férémù ilẹ̀kùn kí ère tó jáde.

Ó kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹ̀yọ kan ni wọ́n ń mọ̀ nílé, ère ìta gbangba tí ìjọba gbé fún ènìyàn ṣe. Ìyẹn kì í wá lójoojúmọ́. Èyí tó ń wá ni orí bàbá olóògbé tí àwọn ọmọ fẹ́ gbé sí iwájú ilé, àmì-ẹ̀yẹ fún iléèwé, ère inú ṣọ́ọ̀ṣì, ọnà ara ògiri hòtẹ́ẹ̀lì, ohun èlò fún àwọn tí ń ṣe fíìmù, àti iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tó mọ móòdù, tó mọ fibreglass, tó sì lè jó irin, kò ní máa dúró de ìjọba.

Bí ìdílé olóògbé bá pè ọ́, gba fọ́tò iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́. Bí ti ẹ̀gbẹ́ kò bá sí, béèrè ọmọ tó jọ bàbá jù, kí o ya tirẹ̀. Ṣírò ohun èlò, ọkọ̀, iná jẹnẹrétọ̀ àti ọjọ́ tí wàá lò, kí o tó dárúkọ owó. Kọ ọ́ sínú ìwé, kí ìwọ àti wọn fọwọ́ sí i, kí ìwé náà sì sọ iye ìgbà tí wọ́n lè ní kí o tún un ṣe. Gba ju ìdajì lọ kí o tó ra àpò POP kan. Nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ amọ̀, pe gbogbo ẹbí kí wọ́n wá wò ó, pàápàá ìyàwó olóògbé, nítorí bó bá ní imú náà kò rí bẹ́ẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Amọ̀ ṣeé tún ṣe, sìmẹ́ńtì kò ṣeé tún ṣe. Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ náà pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn, kí o tó ṣe móòdù. Owó tó bá kù, gbà á kí ère tó wọ ọkọ̀.